Arthur Wharton: Aṣọ́lé ọmọ Accra tí wọ́n sin sí ibojì tí kò lórúkọ

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1930, bàbá arúgbó kan kú ní Edlington, ìlú àwọn awakùsà èédú tí kò jìnnà sí Doncaster, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni ọdún 65 ni. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀, ibojì àwọn tálákà ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí òkúta kankan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ibojì náà ṣe wà fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Arthur Wharton ni bàbá tó wà nínú ibojì yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn bọ́ọ̀lù dunjú ń pè ní aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ tó ń jẹun. Aṣọ́lé ni. Kí ó tó di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lójú pápá, ó ti kọ́kọ́ sáré gba ipò kìíní ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe parí ayé rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n mọ́? Àwọ̀ ara rẹ̀ kó ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún agbábọ́ọ̀lù láyé ìgbà náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìpinnu tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ọmọ míṣọ́nnárì láti Accra

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 1865 ni wọ́n bí Arthur ní Jamestown, nílùú Accra, ní Gold Coast, ìyẹn orílẹ̀-èdè Gánà òde òní. Henry Wharton, bàbá rẹ̀, jẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Erékùṣù Grenada, ní agbègbè Caribbean, ni bàbá náà ti wá, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Scotland sì wà lára rẹ̀. Annie Florence Egyriba, ìyá Arthur, wá láti ìdílé ọba láàárín àwọn Fante.

Ìjọ tí bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti Gold Coast yìí kan náà ni Thomas Birch Freeman, tí òun náà jẹ́ míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti gbéra wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta lọ́dún 1842.

Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún Arthur nìyẹn: kó kàwé, kó di olùkọ́ àti míṣọ́nnárì bíi ti bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1882 ló lọ sí Ìlú Ọba láti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ó bára rẹ̀ ní Cleveland College, ní Darlington. Ṣùgbọ́n pápá ìṣeré ló gba ọkàn rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìwàásù. Ó ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì ń gbá kírìkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ míṣọ́nnárì tí tìtorí rẹ̀ kúrò nílé, kò ṣe é.

Ẹsẹ̀ tí kò lẹ́gbẹ́

Eré sísá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, ọdún 1886, ó kópa nínú ìdíje àgbà tí àjọ AAA, tó ń ṣàkóso eré sísá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní Stamford Bridge, ní Lọ́ńdọ̀nù. Pápá yẹn kan náà ni Chelsea wá ń lò lóde òní, àmọ́ Chelsea ò tíì sí nígbà náà. Wharton sá yáàdì 100, tí kò pé mítà 92, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń yan àwọn tó máa kópa ní àṣekágbá ló kọ́kọ́ ṣe é, ó tún ṣe é ní àṣekágbá fúnra rẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó ti gba ife ẹ̀yẹ yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1887, ó tún padà lọ gbà á.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé: ta ló máa ń fi ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ ṣe aṣọ́lé? Ṣebí ọwọ́ iwájú ló yẹ kó wà? Wọ́n máa ń fi í síwájú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóòótọ́, kó máa gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ aṣọ́lé ṣe rí láyé ìgbà náà á mọ̀ pé wọn ò fi í síbẹ̀ láìnídìí.

Iṣẹ́ aṣọ́lé nígbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí

Nígbà tí Wharton bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́lé fún Darlington ní nǹkan bí ọdún 1885, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí òfin ti pọn ọ́n dandan pé kí wọ́n fi igi dábùú òkè ojú ilé. Kò sí àwọ̀n lẹ́yìn ilé, kò sì sí pẹnárítì. Ọdún 1891 ni méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Jẹ́sì tí gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀ náà ni aṣọ́lé ń wọ̀. Ọdún 1909 ni òfin tó ní kí aṣọ tirẹ̀ yàtọ̀ tó jáde. Títí di 1912 ni òfin ṣì gba aṣọ́lé láyè láti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe inú àpótí iwájú ilé nìkan.

Èyí tó le jù ni pé àwọn atamátàsé lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èjìká gbún aṣọ́lé, kódà bí bọ́ọ̀lù ò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan lè wá gbá aṣọ́lé lulẹ̀, kí ẹlòmíì sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kí rẹfirí ka góòlù náà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin ká irú ìyẹn lọ́wọ́ kò.

Aṣọ́lé ayé ìgbà náà nílò agbára, ó nílò àyà líle, ó sì nílò ẹsẹ̀ tó yá láti jáde síta kí àwọn alátakò tó dé bá a. Gbogbo rẹ̀ ni Wharton ní. Ẹ̀ṣẹ́ tó fi ń lé bọ́ọ̀lù jáde máa ń gbé e jìnnà. Ó tún láwọn àrà tirẹ̀ tí àwọn òǹwòran ń torí rẹ̀ wá sí pápá. Nígbà míì, ó máa ń lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ilé rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án, bọ́ọ̀lù á kù díẹ̀ kó wọlé, á fò yọ láti mú un. Lọ́dún 1942, ìyẹn ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, òǹwòran kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Sheffield pé òun fojú ara òun rí i tí Wharton fò sókè, tó rọ̀ mọ́ igi òkè ilé, tó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù mọ́. Àwọn mẹ́ta tó ń sáré bọ̀ wá kọlù ú kàn ṣubú sínú àwọ̀n ni.

Àrà yìí kan náà làwọn kan fi ń bú u. Lọ́dún 1887, ìwé ìròyìn kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé eré ló ń fi ilé ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ èébú nípa àwọ̀ ara rẹ̀ béèrè bóyá ọpọlọ rẹ̀ lè gbé iṣẹ́ náà. Bí aṣọ́lé mìíràn bá dárà tó sì ṣàṣìṣe, wọ́n á ní aláṣejù ni. Ti Wharton kì í mọ síbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń nawọ́ sí.

Preston, àti ìpinnu ọdún 1888

Lọ́dún 1886, Preston North End, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù nígbà náà, pè é wá ṣọ́lé fún wọn. Òun ló wà nílé nígbà tí ẹgbẹ́ náà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá FA Cup lọ́dún 1887. West Bromwich Albion ló fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan dá wọn dúró ní Nottingham.

Preston yìí ló fa ọ̀rọ̀ owó bọ́ọ̀lù wá sójú táyé. Ṣáájú 1885, òfin FA kò gbà kí wọ́n sanwó fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n abẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń san án. Lọ́dún 1884, William Sudell, ọ̀gá Preston, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn ń sanwó. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àríwá sì ń halẹ̀ pé àwọn á ya kúrò lára FA. Ní oṣù Keje, 1885, FA gbà pé kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ yẹn ni bọ́ọ̀lù ti di iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́dún 1888, Wharton fi Preston sílẹ̀. Eré sísá tí wọ́n ń fowó ṣe ló gbájú mọ́. Irú eré yẹn wọ́pọ̀ nígbà náà ní Sheffield àti agbègbè rẹ̀. Àwọn òǹwòran á wá, wọ́n á ta tẹ́tẹ́, ẹni tó bá sì borí á kó owó lọ sílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó borí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní Sheffield.

Oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà ni líìgì àkọ́kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjìlá. Preston gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 láìfìdí rẹmi nínú ẹyọ kan. Wọ́n gba líìgì, wọ́n sì tún gba FA Cup láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá góòlù wọlé wọn nínú ìdíje náà. Títí dòní ni wọ́n ń dárúkọ ikọ̀ yẹn. Orúkọ àwọn aṣọ́lé tí wọ́n lò, James Trainer àti Robert Mills-Roberts, ló wà nínú ìwé, ti Wharton kò sí níbẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló mú. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un lọ́dún 1888 pé ìtàn tó tó báyìí máa wáyé kó tó pé ọdún kan.

Ìgbà tó sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́

Lọ́dún 1889, Rotherham Town gbà á sí iṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ibí yìí ni wọ́n ti ń kà á sí agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó. Ọdún kejì rẹ̀ ló fẹ́ Emma Lister níyàwó. Rotherham gba líìgì Midland lọ́dún 1892 àti 1893, wọ́n sì wọ ìpele kejì líìgì àgbà. Lákòókò yìí, Wharton tún ń bójú tó ilé ọtí nílùú náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ń ṣe nígbà yẹn, torí owó bọ́ọ̀lù nìkan ò tó gbọ́ bùkátà. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí bọ́ọ̀lù dáwọ́ dúró, yóò lọ gbá kírìkẹ́ẹ̀tì fówó.

Sheffield United, tó wà ní ìpele kìíní, mú un lọ́dún 1894. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Foulke, tí gbogbo èèyàn wá mọ̀ sí Fatty nítorí bó ṣe sanra. Foulke ló gba ilé, Wharton di ẹni tó ń jókòó dè é. Lẹ́yìn náà, Foulke gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì, 1895, wọ́n fún Wharton láyè láti ṣọ́lé níwájú Sunderland, ẹgbẹ́ tó gba líìgì ọdún náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Láti ibẹ̀, ẹgbẹ́ kéékèèké ló ń bá kiri: Stalybridge Rovers, Ashton North End tó wọko gbèsè tó sì kógbá wọlé lọ́dún 1899, ó tún padà sí Stalybridge, lẹ́yìn náà ó lọ sí Stockport County. Lọ́dún 1902, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Tirẹ̀ tó ọdún mẹ́tàdínlógún, kó tó dúró.

Ṣé òun ni àkọ́kọ́ lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé, torí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí èèyàn bá béèrè. Bó bá jẹ́ pé ẹni dúdú tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá ni, àwọn míì ti ṣáájú Wharton. Robert Walker gbá bọ́ọ̀lù fún Third Lanark ní Scotland láàárín àwọn ọdún 1870. Andrew Watson, tí wọ́n bí ní British Guiana, jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ Scotland lọ́dún 1881 nígbà tí wọ́n fi góòlù mẹ́fà sí ẹyọ kan na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹni dúdú tó kọ́kọ́ fi í ṣiṣẹ́ ni, Wharton ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ. Watson jẹ́ agbábọ́ọ̀lù aláìgbowó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń jiyàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ Bootle ti sanwó fún un ní ìparí eré rẹ̀. Ohun kan tí kò níyàn jíjà ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò pe Wharton sí ikọ̀ rẹ̀ rí. Ọdún 1978 ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Viv Anderson, tó gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù

Àkókò ìwọ́ẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni FA fi òfin dé owó agbábọ́ọ̀lù. Láti 1901, pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù tí ẹgbẹ́ kankan lè san. Àwọn tó wà ní ẹgbẹ́ kéékèèké ò tiẹ̀ rí i gbà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí ètò ìlera. Ọjọ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá bọ́ bàtà ni owó rẹ̀ dúró.

Wharton ò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó kọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá sí Ìlú Ọba, kò fi ṣiṣẹ́. Ìdílé rẹ̀ wà lókè òkun. Ọtí tún wá wọ̀ ọ́ lára. Ní ìkẹyìn, ibi ìwakùsà èédú Yorkshire Main ní Edlington ló ti rí iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó èédú jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó sá yáàdì 100 níwájú ọ̀pọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá di lébìrà. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà di àgbà, kó tó ṣàìsàn kú.

Bí orúkọ rẹ̀ ṣe padà jáde

Bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sórí ibojì, ó wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti nínú àkọsílẹ̀ ìdíje. Ibẹ̀ ni Phil Vasili, tó ń ṣèwádìí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìtàn rẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ kan ní Sheffield tó ń gbógun ti ìwà kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà nínú bọ́ọ̀lù, Football Unites, Racism Divides, wá owó jọ, wọ́n sì gbé òkúta sórí ibojì rẹ̀ lọ́dún 1997. Ọdún kejì ni ìwé tí Vasili kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde.

Lọ́dún 2003, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn akọni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù. Ní Darlington, àjọ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jà fitafita kí wọ́n lè gbẹ́ ère rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, 2014, ère náà dìde ní St George's Park, ibi tí ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbáradì. Ikọ̀ tí kò pè é rí ló wá ń rí ère rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí ibi ìgbáradì.

Ọ̀nà tí Wharton kọ́kọ́ rìn, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1956, ọdún 26 lẹ́yìn tí Wharton kú, Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí àwọn èèyàn ń pè ní Thunder, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gba Surulere kọjá á rí orúkọ rẹ̀ lára pápá ìṣeré tó wà níbẹ̀. Ìlú kọ orúkọ Balogun síbi tí ojú ń rí. Ti Wharton ní láti dúró kí àwọn tí kò bá a láyé tó wú u jáde nínú ìwé.